Àmì Tí A Pè Ní Íǹkì

Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà Bajulaiye, Bọ̀ọ̀dá Níran ò nílò kó yọjú wò ó kó tó mọ èyí tó jẹ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti máa ń sọ ọ́.

"Ti Àyúbà nìyẹn. Gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́. Omi rẹ̀ ti pọ̀ jù, íǹkì ò ní mú bébà dáadáa."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ sùn."

"Ta ló ń sùn láàárọ̀ Mọ́ńdè?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń sùn láàárọ̀ Mọ́ńdè ní Ṣómólú, àfi ẹni tí wọ́n bá fi tipátipá ní kó máa sinmi.

Ẹ̀gbọ́n màámi ni. Adéníran ni wọ́n sọ ọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọkùnrin gígùn tí apá rẹ̀ gùn ju ti gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tó ní lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé: ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìkésíni, pósítà olóṣèlú, kàlẹ́ńdà. Bí ẹ bá ti fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ sára ògiri rí ní Bariga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Dọlápọ̀, kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Wọn ò bímọ. Èmi, Mofẹ́olúwa, tí mò ń ya àwòrán káàdì lórí kọ̀ǹpútà ní Fọlá Àgòrò, ni ẹbí tó sún mọ́ ọn jù. Èmi náà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Ọdún méjì gbáko ló fi ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. "Èmi tí mo ń fọ ẹ̀rọ láti kékeré," á ní, "ẹ̀rọ ló wá ń fọ̀ mí." Nígbà tó yá, Oyèbísí, ìyá mi, àbúrò rẹ̀, ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú tòun fún un. Ọdún mẹ́rin rèé. Wọn ò fi sí ẹ̀yìn níbi tí ti àtilẹ̀wá wà. Iwájú ni wọ́n fi sí, nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni mo máa ń kí bí mo bá dé láàárọ̀. Màá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú ikùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Kúrò níbẹ̀, ọmọ yìí!"

"Màámi ni mò ń kí, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀yin ń gbé e kiri lásán ni."

Á wá na ọwọ́ gígùn yẹn kó gbá mi létí, èmi náà á ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà yẹn, mo mọ̀ pé òun nìkan ló máa rín títí n óò fi padà wá nírọ̀lẹ́.

Torí pé ohun kan wà tí àwọn tó bá a yọ̀ lọ́jọ́ tó jáde ní hósípítù ò rò. Ara mọ àlejò. Bí wọ́n bá fi kíndìnrín ẹlòmíì sínú ènìyàn, àwọn ọmọ ogun inú ara á dìde láti lé e jáde, wọn ò mọ̀ pé àbúrò ló fi í sílẹ̀. Oògùn ló ń mú kí àwọn ọmọ ogun náà máa tòògbé, aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, títí ayé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tòògbé, nǹkan mìíràn lè wọlé. Nítorí náà, Bọ̀ọ̀dá gbọ́dọ̀ sá fún èrò. Wọ́n ń wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń bọra lọ́wọ́, ó dẹ́kun àtilọ, ó ń wo ìsìn lórí fóònù. Ní ṣọ́ọ̀bù, Àyúbà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló gba ẹ̀rọ. Bí Bọ̀ọ̀dá bá yà síbẹ̀, Àyúbà á sáré gbé àga oníróbà sí ìta.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó síbí o. Páwúdà tí a fi ń mú íǹkì gbẹ níbí yìí ò dáa fún yín."

Ife tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n á kí i láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nítorí ìlera rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣe é níbi. Wọ́n kàn bọ̀wọ̀ fún un títí ó fi bá ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kò yà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n ń kó oògùn náà fún un, dókítà kìlọ̀ nípa awọ ara. Ó ní kó máa wo gbogbo ara rẹ̀ lóṣooṣù, kó máa dé fìlà nínú oòrùn, kó máa wọ aṣọ alápá gígùn, pé ẹni tó bá ń lo irú oògùn yìí, jẹjẹrẹ awọ lè tètè mú un ju ẹlòmíì lọ. A rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé.

"Jẹjẹrẹ awọ! Èmi tó dúdú báyìí? Àìsàn òyìnbó nìyẹn."

"Àti ti àwọn àfín," èmi náà fi kún un, bíi pé mo lọ sí ilé ìwé dókítà.

Ṣùgbọ́n mo ra akẹtẹ̀ kan fún un, tó fẹ̀ débi pé tó bá dé e, ẹni méjì lè sá òjò lábẹ́ rẹ̀. Mo ń pè é ní Olóko Bajulaiye. Ó ń dé e. Oòrùn ò kàn án mọ́, a sì gbà pé a ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Sọ́ńdè kan ni mo tètè kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó lórí àpótí, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi àkísà kẹrosíìnì ra ojúgun. Ẹni tó bá dàgbà ní Ṣómólú mọ òórùn yẹn. Kẹrosíìnì àti ọṣẹ ìfọṣọ ni àwọn atẹ̀wé fi ń fọ íǹkì kúrò lára.

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù!"

Ó fò bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Àṣírí tú. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń ṣílẹ̀kùn wọlé síbi ẹ̀rọ rẹ̀, á nu rólà, á fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ láìtan iná, á sì tìlẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó dé.

"Má sọ fún Àyúbà," ó ní. "Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò fa páwúdà símú."

"Kí lẹ óò fi pa mí lẹ́nu mọ́?"

"Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín."

"Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin."

"Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀dájú ni ẹ́."

Ó ń fi àkísà ra ibẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo rí i: àmì kékeré kan, elésè àlùkò tó ti ń di dúdú, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. "Pupa àti dúdú ló pò mọ́ra wọn," ó ní, "àpòpọ̀ yẹn kì í tètè lọ." Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé íǹkì nínú èékánná ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni èmi fẹ́ mọ̀? Ó ti di àṣírí àárín àwa méjèèjì, ẹni tó bá sì ń bo àṣírí kì í tẹjú mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé mi ò tẹjú mọ́ ọn nìkan. Mo fi ṣeré. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó sùn lọ lórí àga, ó na ẹsẹ̀ síta. Mo mú máákà, mo ya ojú méjì sókè àmì náà, mo ya irùngbọ̀n sísàlẹ̀, mo sọ àmì náà di imú. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo fi fọ́tò náà sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù mi, pé bó bá ti pè mí, ojúgun rẹ̀ ni màá rí, tó ń wò mí pẹ̀lú irùngbọ̀n. Nígbà tó jí, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ọwọ́ di ikùn mú. Mo fọ́nnu nítorí ẹ̀rín yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Máákà náà fọ̀ kúrò. Imú ò kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ó pè mí pé kí n ra búrẹ́dì bọ̀. Ojúgun onírùngbọ̀n yọ sójú fóònù, mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo gbé búrẹ́dì dé, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, ẹsẹ̀ náà ti wú díẹ̀. Mo wo àmì náà. Mo tún wo fóònù. Imú tó tó hóró ẹ̀wà ti tó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí mo bá tún fẹ́ ya irùngbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, kò ní sí àyè. Òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, nígbà wo lẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù gbẹ̀yìn?"

"Ó ti tó oṣù kan. Àyúbà pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́."

Kò sọ fún mi pé Àyúbà pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Oṣù kan ló fi dá jókòó pẹ̀lú ìyẹn. Kò sí íǹkì níbì kankan tó lè kàn án, a sì jọ ń wo ara wa.

Dókítà Faridah, obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè, ló gbà wá ní hósípítù. "Ó ti tó ìgbà wo?" Bọ̀ọ̀dá ní kò tíì pẹ́. Mo na fóònù sí i. Ó wo ojúgun náà, ojú méjì, irùngbọ̀n. Mo rí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì.

"Ọjọ́ wo lẹ ya èyí?"

Mo sọ ọjọ́ náà.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. Ilẹ̀ ò kúkú lanu kó gbé mi mì.

Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá bọ́ aṣọ. Ó wo àárín ìka ẹsẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo abẹ́ èékánná. Ó ní akẹtẹ̀ dára o, kó má ṣíwọ́ dídé e, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, ibi tí oòrùn kì í dé gan-an ni nǹkan yìí máa ń bá wọ́n fara pamọ́ sí nígbà mìíràn. Lẹ́yìn náà ó ní kó yí padà. Òmíràn wà ní ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun èjìká.

"Bàbá, ta ló ń bá yín wo ẹ̀yìn yín lóṣooṣù?"

"Mo máa ń wò ó nínú dígí."

"Dígí mélòó?"

"Ẹyọ kan ni."

Mo ń wo ẹ̀yìn gígùn yẹn, mo rò ó wò pé láti ìgbà tí Àǹtí Dọlápọ̀ ti kú, bóyá ni ẹnikẹ́ni tún rí i. Èmi tí mò ń kí ikùn láràárọ̀ ò sọ fún un rí pé kó yí padà.

Wọ́n gé díẹ̀ lára àmì náà lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èsì jáde: jẹjẹrẹ awọ irú èyí tí wọ́n ń pè ní Kápósì. Dókítà Faridah ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé kòkòrò náà kiri láìmọ̀, ara wọn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Bọ̀ọ̀dá ń tòògbé.

"Ohun tí a óò ṣe ni pé a óò jí i díẹ̀," ó ní. "A óò dá èyí tó funfun nínú oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín dúró, a óò dín èkejì kù díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà a óò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyẹn nìkan máa ń tó kí àmì náà bẹ̀rẹ̀ sí í relé."

"Tí ara bá jí, ṣé kò ní rí kíndìnrín náà?"

Dókítà ò parọ́ fún un. "Ó lè rí i. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. A óò máa gba ẹ̀jẹ̀ yín wò lemọ́lemọ́, tí a bá rí i pé ó fẹ́ bá a jà, a óò tètè mọ̀."

"Kíndìnrín náà lè kú."

"Ó lè ṣẹlẹ̀, bàbá."

"Tí a ò bá sì dín in kù?"

"Á máa tàn. Ó lè kúrò ní awọ, kó wọ inú."

Bọ̀ọ̀dá gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ̀, ó de gbogbo bọ́tìnnì títí dé ọrùn. "Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó." Dókítà kọ ìlànà oògùn tuntun sínú ìwé, ó ní ọjọ́ tó bá gbà, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sóun kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kó má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ mẹ́fà kọjá. Oògùn àtijọ́ ló ń lò, iye àtijọ́, aago mẹ́jọ, aago mẹ́jọ. Ìyá mi pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbé e. Ó wá pè mí.

"Kí ló ń ṣe Bọ̀ọ̀dá?"

"Fóònù wọn ló ń ṣe ségesège, mà."

Mo ti pa irọ́ fún ìyá mi ní ìgbà tí kò lóǹkà, kí n lè rí i kó bínú, kí n sì rẹ́rìn-ín. Èyí ò dùn lẹ́nu.

Bọ̀ọ̀dá ti sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́: "Bí o bá pe ìyá ẹ, má wá síbí mọ́." Mo mọ̀ pé ó dá a lójú. Ní àárọ̀ Sátidé tó jẹ́ ọjọ́ keje, mo tètè dé. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, páálí oògùn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀ kí ikùn. Kò sì béèrè ìdí rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ óò gbà àbí ẹ ò ní gbà?"

"Nǹkan onínǹkan ni, Mofẹ́."

"Ara yín ni."

"Awọ ni tèmi. Inú ni ti ìyá ẹ. Tèmi ni kó bàjẹ́."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti tò ó sílẹ̀ tipẹ́. Mo wá ọ̀rọ̀ àwàdà kan, mi ò rí, ni mo bá sọ èyí tó wà níbẹ̀:

"Ó dáa, nǹkan onínǹkan ni. Ẹ lọ bi onínǹkan nígbà náà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín, báwo lẹ ṣe ń dá ìpinnu ṣe lórí rẹ̀?"

"Jáde," ó ní.

Mo jáde. Mi ò lọ jìnnà, kọ́tìnnì ilẹ̀kùn ló wà láàárín wa, bàtà mi wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ tó ń tẹ nọ́ńbà. Ó máa ń ṣí ohùn fóònù síta nítorí etí rẹ̀ tí ariwo ẹ̀rọ ti bà jẹ́, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà. Òkúta ló pọ̀ ju ẹ̀wà lọ nínú ẹ̀wà ọdún yìí."

Mo ń gbọ́ hóró ẹ̀wà tó ń jábọ́ sínú abọ́ irin, tin, tin.

"Bísí, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

Ó sọ ọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn tò ó bí ẹni tó ń ka ìwé ètò ìsìnkú: àmì, àyẹ̀wò, orúkọ àìsàn, oògùn, kíndìnrín. Ẹ̀wà dákẹ́ jẹ́jẹ́ ní ìhà ọ̀hún.

"Bísí?"

"Mò ń gbọ́ yín." Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mo ti fún yín. Ó parí. Ṣé ìkòkò ni mo yá yín, tí ẹ ń bẹ̀rù kó má fọ́?"

"Tó bá kú ńkọ́?"

"Tó bá kú, ó kú. Màá sunkún, ẹ̀yin náà ẹ óò sunkún, ẹ óò tún padà sídìí ẹ̀rọ yẹn, ẹ óò wà láàyè. Ẹ̀yin ni mo fi kíndìnrín gbà sílẹ̀. Mi ò wá ilé fún kíndìnrín."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀. Mi ò mọ èwo nínú wọn ló mí.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?" ìyá mi bi í.

"Kò sẹ́nì kankan."

Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ẹsẹ̀ mi ò jìnnà sí ti Bọ̀ọ̀dá ju gígùn bẹ́ẹ̀dì lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kó dùn mí. Ó lè rò pé mo ti kúrò ní ilé. Ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ló sọ, pé láti ọdún wọ̀nyí, pẹ̀lú gbogbo wíwá mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀fẹ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lára rẹ̀.

"Aago mélòó lẹ máa ń lò ó?"

"Mẹ́jọ."

"Ẹ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí dókítà?"

"Rárá."

"Ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má pa fóònù o. Mo wà níbí."

Ó tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń pe lẹ́tà náà jáde lẹ́nu. Kò pẹ́ tí èsì fi wọlé, ó kà á fún un: "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ wá gba ẹ̀jẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀."

"Ó ku ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́fà."

"A óò jọ dúró dè é."

Ẹ̀wà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, tin, tin, díẹ̀díẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀jẹ̀ Ọjọ́bọ̀ náà máa dára, àti ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tàbí pé nínú oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni àmì ojúgun yẹn máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, tí ti ẹ̀yìn ò sì ní tíì lọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí a mọ̀ ò ju pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó tó àkókò.

Mo gbọ́ tó fa oògùn yọ nínú páálí rẹ̀, ó ń kà á jáde lẹ́nu: méjì dípò mẹ́ta, láìsí funfun. Mo gbọ́ omi.

"Ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

Wọn ò pa fóònù. Mo di bàtà mi mọ́ àyà, mo sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn láìwọ̀ ọ́, mo ń fi ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìyá mi má bàa gbọ́ pé ẹnì kan wà nínú ilé náà.